Ilẹ̀ Tí Òkun Ń Dá Pa Dà

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà Hopewell Rocks, ní ìpínlẹ̀ New Brunswick lórílẹ̀-èdè Kánádà, àkókò omi ni àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà kó tó ṣe ohunkóhun: aago tí òkun yóò fà tán, aago tí yóò kún dé góńgó, àti wákàtí tí ẹsẹ̀ ènìyàn fi lè tẹ ilẹ̀ tó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí i pa dà, torí àkókò tàná kọ́ ni tòní. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún wa ṣeé lò lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó ṣe ètò yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì gba ilé lọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Moncton la ti gbéra láàárọ̀, èmi àti àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ni, ìgbà tí oòrùn wọn ń mú díẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ti ń pọ̀ ní Moncton. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ra èlùbọ́ àti epo pupa, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ Faransé mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo bá pàdé, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó ti dé Hopewell Rocks, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi kìlómítà 40 péré ló jìn sí ìlú. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń sọ pé kò jẹ́.

Ti àǹtí mi yàtọ̀. Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ni wọ́n ti bí wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dàgbà. Ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò nígbà kan nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣọ̀kan wọn, òkun ti gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀: ilé, ilé ìwé, títí kan ibojì àwọn òkú. Ìlérí ògiri ìdènà omi ti pọ̀ níbẹ̀ ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ.

"Òkun tí èmi mọ̀," ni wọ́n sọ fún mi nínú ọkọ̀, "tó bá ti gba nǹkan, kì í dá a pa dà. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò lójú òkun?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Kí ọkọ̀ tó jáde ní Moncton ni omi Fundy, apá òkun tó wọnú ilẹ̀ ibẹ̀, ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Odò Petitcodiac ló gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá, odò tí ẹrẹ̀ ti sọ di pupa rúsúrúsú. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìgbì kan ṣoṣo máa ń gbéra láti ìsàlẹ̀ odò, yóò na ara rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì, yóò sì máa gun odò lọ sókè, lòdì sí ibi tí odò fúnra rẹ̀ ń ṣàn sí. Òkun ló ń wọlé yẹn. Ní 1968 ni wọ́n kọ́ ọ̀nà tí a fi ilẹ̀ dí pẹ̀lú àwọn géètì gba orí odò náà kọjá. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ẹrẹ̀, odò ń tóóró, ẹja ń sá, ìgbì náà sì rọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má níláárí mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn odò náà fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí wọ́n tó ṣí àwọn géètì ọ̀hún sílẹ̀ ní 2010. Afárá tó jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà wọlé dáadáa sì ṣí ní 2021. Ìgbì ti pa dà. Inú mi dùn sí ìtàn yẹn gidigidi, torí kò wọ́pọ̀ kí ìjọba kan gbà pé odò ló jàre.

A dé ọgbà náà nígbà tí omi ti ń fà lọ sí òpin. A gba inú igbó kan kọjá, igi ahóyaya àti àwọn igi olóje tí òórùn wọn ta gbogbo afẹ́fẹ́, títí a fi dé ibi tí àtẹ̀gùn gígùn kan ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn, kò sí òkun. Iyanrìn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹrẹ̀ pupa tó ń dán, àwọn èèyàn sì ń rìn káàkiri nínú rẹ̀, tọmọdé tàgbà, ajá pẹ̀lú. Omi wà lókèèrè réré, ó dákẹ́ síbẹ̀.

Àárín ilẹ̀ yìí ni àwọn òpó òkúta dúró sí. Wọ́n ga tó mítà 12 sí 21. Ìsàlẹ̀ wọn tín-ín-rín, àárín wọn wú, igi sì hù sí orí wọn, igi gidi tó ní gbòǹgbò, tó ń fẹ́ síwá sẹ́yìn nínú atẹ́gùn. Nígbà tí mo dúró sábẹ́ ọ̀kan tí mo gbójú sókè, mo rí ohun tó sọ gbogbo ìtàn omi náà fún mi láìsí pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀: koríko òkun, dúdú, tútù, tó ṣì ń kán omi, so mọ́ ara òkúta náà lókè ibi tí ọwọ́ mi kò lè dé láé. Ibi tí koríko òkun bá hù sí, abẹ́ òkun nibẹ̀.

Àǹtí mi rí i pẹ̀lú. Wọ́n na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́lẹ̀, wọ́n fún un, omi iyọ̀ sì ṣàn sí wọn lápá.

"Ibi tí mo dúró sí yìí," ni wọ́n bi ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ọgbà kan tó wà nítòsí, "omi máa bò ó lónìí?"

Ọmọ náà ní yóò bò ó, àti pé tí wákàtí mẹ́fà bá fi kọjá, àwọn tó ń wa ọkọ̀ kayak ni yóò máa kọjá lókè orí ibi tí wọ́n dúró sí. Àǹtí mi wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo òkè, wọ́n sì dákẹ́.

Òkúta ibẹ̀ kì í ṣe òkúta líle kan náà látòkè délẹ̀. Àkópọ̀ ni: òkúta róbótó-róbótó, iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí omi gbá wálẹ̀ láti ara àwọn òkè àtijọ́ ní ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n kún lé ara wọn, tí ìwúwo sì tẹ̀ wọ́n di ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mì tó sì yẹ̀, òkúta náà lanu níbi púpọ̀. Omi òjò ń gba ẹnu ọgbẹ́ yẹn wọlé látòkè, yìnyín ń là á nígbà òtútù, omi òkun sì ń jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí omi ṣe ń gé òpó tuntun kúrò lára ògiri ló ń wó àwọn ògbólógbòó. Ní oṣù kẹta 2016, èyí tó lókìkí jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Òkúta Erin, ya lulẹ̀. Ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù òkúta ó kéré tán ló já bọ́ láàárín òru kan. Àwòrán rẹ̀ wà lára káàdì ìlera tí ìjọba New Brunswick ń fún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà. Àǹtí mi yọ tiwọn nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e sókè síwájú òkìtì òkúta tó ṣẹ́kù, wọ́n wo ọ̀kan, wọ́n wo ìkejì. "Ọjọ́ tí mo ti ń fi káàdì yìí han dókítà," ni wọ́n wí, "n kò bi ara mi léèrè rí pé kí ni wọ́n yà síbẹ̀."

Àwọn Mi'kmaq, tó ni ilẹ̀ náà kí aláwọ̀ funfun tó dé, ní ìtàn tiwọn nípa àwọn òpó yìí. Wọ́n ní àwọn ẹja àbùùbùtán tó ń bínú ló kó àwọn èèyàn kan lẹ́rú nínú Fundy. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹrú náà sá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé inú igbó tán tí àwọn àbùùbùtán fi sọ wọ́n di òkúta lórí etíkun. Nígbà tí mo rìn láàárín wọn, mo gba ìtàn náà gbọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdúró ẹni tó ń sá lọ sílé ni wọ́n dúró.

Kí ló wá fa irú omi báyìí? Òṣùpá ni, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Òṣùpá yìí kan náà ló ń fa òkun l'Ékòó àti ní Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìkún àti ìfà jẹ́ nǹkan bíi mítà kan. Ẹni tó bá jókòó sí etíkun Ẹlẹ́gùṣì láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbì ni yóò máa wò. Ó lè má fura pé omi ti gòkè, pé ó sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ní Hopewell, mítà 10 sí 14 ni omi ń gùn. Ní òpin Fundy lápá ìpínlẹ̀ Nova Scotia, ó ń tó mítà 16, kò sì síbi tó ju ibẹ̀ lọ nínú ayé tí a mọ̀.

Ìrísí ilẹ̀ ló ṣe é. Fundy jẹ́ apá òkun Àtìláńtíìkì tó wọnú ilẹ̀ lọ tó nǹkan bíi kìlómítà 270. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì jìn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọlé sí i ló ń há sí i, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń sún mọ́ òkè. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí èèyàn bá ru agbada omi tó ń rìn, omi náà yóò máa fì síwá sẹ́yìn. Tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá wá bá ìfì omi náà mu, kò ní pẹ́ tí yóò fi dà sí i lọ́rùn. Omi Fundy pẹ̀lú òkun tó wà lẹ́nu rẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi wákàtí 13 fì lọ fì bọ̀. Òkun ńlá ìta sì ń tì í lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Àkókò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, nítorí náà gbogbo ìtì tuntun ń bá ìfì ti tẹ́lẹ̀ lọ́nà, ó sì ń fi kún un. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 160 tọ́ọ̀nù omi ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún ń jáde. Òṣùpá ló ń sún aago náà síwájú ní bí ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí àkókò náà pa dà lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, wọ́n ń ké sí àwọn èèyàn kí wọ́n máa gòkè bọ̀. Wọn kò pariwo, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Omi ti yí pa dà. N kò rí ìgbì tó ru, n kò gbọ́ ariwo. Ohun tí mo rí ni pé òkúta kan tí ọmọdé kan jókòó lé lẹ́ẹ̀kan ti di erékùṣù, pé ipasẹ̀ wa tó wà lórí ẹrẹ̀ ti ń kún fún omi, pé ọ̀nà tí a gbà wá ti di ọ̀sà. Èyí ló léwu nínú omi Fundy: kì í lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀yìn yọ, yóò dí ẹnu ọ̀nà mọ́ èèyàn kó tó wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A gòkè, a sì jókòó sórí pèpéle onígi tó kọjú sí àwọn òpó. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń wọ ọkọ̀ wọn lọ lásìkò yìí, ó sì dùn mí fún wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò yára, kò sì ṣeé gé kúrú. Mo mú àmì kan lára òkúta, ìlà funfun kan tó là á já. Nígbà tí a jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí àǹtí mi dì wá tán, omi ti dé ibẹ̀. Nígbà tí a fi sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó ọmọ wọn tó ń bọ̀, kò sí ìlà mọ́. Omi náà kò mọ́ gaara. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ló ní, ó nípọn, ó sì ń rá gbùrù láàárín àwọn òpó láìsọ ohunkóhun. Ìsàlẹ̀ tín-ín-rín wọn wọlé tán, àárín tó wú wọlé, títí ó fi ku kìkì orí àti igi, àwọn erékùṣù kéékèèké tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní mọ̀ rárá pé wọ́n ní ẹsẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kayak dé lóòótọ́, aláwọ̀ pupa àti òféèfèé, wọ́n ń gba ibi tí àǹtí mi ti fún koríko òkun kọjá.

"Á tún dá a pa dà lálẹ́?" ni wọ́n bi mí.

"Lálẹ́ yìí kan náà, ní bí aago mẹ́wàá ààbọ̀. Yóò sì tún gbà á kí ilẹ̀ tó mọ́."

Wọ́n mi orí. Ojú tí wọ́n fi ń wo omi náà láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó mọ́.

Alma la sùn sí, abúlé àwọn apẹja tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ọgbà Orílẹ̀-èdè Fundy, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Lọ́bústà ni wọ́n ń pa níbẹ̀, edé ńláńlá tí wọ́n ń fi ìgèrè onírin mú. Ní ìrọ̀lẹ́ tí a dé, àwọn ọkọ̀ wọn léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté. Nígbà tí a jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, gbogbo wọn ti jókòó sílẹ̀. Ọkọ̀ ńláńlá tó ní ẹ̀rọ àti yàrá, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, okùn wọn sì gùn láti orí èbúté wálẹ̀. Ọmọ apẹja ni àǹtí mi. Wọn kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n lọ tààrà sídìí ọkọ̀ kan tí ọkùnrin arúgbó kan ń fi irin ha ìdọ̀tí òkun kúrò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè irú ọ̀dà tí wọ́n ń lò àti iye ìgbà tí wọ́n ń kùn ún lọ́dún. Baba náà fi ọwọ́ lu abẹ́ ọkọ̀ náà, ó ní omi ló ń gbé e sílẹ̀ fún òun láti tún un ṣe, omi náà ló sì ń gbé e dìde, kò sóhun tí òun ń san fún un. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wu omi ni òun ń jáde lọ sójú òkun, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Nílé wa, apẹja ń wo ojú ọ̀run kó tó jáde. Ti Alma ń wo èyí, ó sì tún ń wo aago.

Láti Alma, a gba ojú ọ̀nà 915 pa dà sẹ́yìn títí dé Cape Enrage. Ibẹ̀ ni ilé iná wà, ilé tí wọ́n kọ́ sí góńgó orí òkè kí iná rẹ̀ lè máa tọ́ àwọn ọkọ̀ òkun sọ́nà. Ó lè ya ẹni tó ti ń retí ilé gogoro lẹ́nu: ilé onípákó kékeré ni, funfun, orí rẹ̀ pupa. Kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ ga, torí òkè tó dúró lé lórí ti ga tó nǹkan bíi mítà 40, ó sì já sísàlẹ̀ gbọnrangandan. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti kọ́kọ́ tan iná síbẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi tan án wà nísàlẹ̀. Òkúta kan na ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè náà wọnú omi lọ jìnnà. Tí omi bá fà, ojú ń rí i. Tí omi bá kún, ojú òkun a tẹ́ pẹrẹsẹ, àlejò yóò sì rò pé ọ̀nà ni. A dé ibẹ̀ nígbà tí omi wà ní agbede méjì, tó ń wọlé, mo sì rí ohun tí n kò rí ní Hopewell: ìbínú. Omi tó ń sáré lọ sókè Fundy kọlu òkúta tó fara pamọ́ yẹn, ó ń hó, ó ń yí po, ìlà funfun kan sì gé ojú òkun sí méjì níbi tí kò sí ohunkóhun tí ojú lè tọ́ka sí. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Níbí, ẹni tó wà á ruru nígbà ayé ọkọ̀ onígbòkun, pẹ̀lú kùrukùru tó máa ń bo Fundy nígbà ooru, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ yẹn àti fèrè kùrukùru tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló ní.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, olùṣọ́ iná kan àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, nínú atẹ́gùn yẹn, nínú yìnyín yẹn. Ní 1988, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn, olùṣọ́ kó jáde, ilé rẹ̀ sì di ahoro. Fèrèsé fọ́, òrùlé jò, wọ́n sì ń gbèrò láti wó o. Àwọn tó gbà á sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé girama Harrison Trimble ní Moncton pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ní 1993 ni wọ́n lọ síbẹ̀ tàwọn ti òòlù, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, wọ́n sì tún ilé náà ṣe. Iṣẹ́ náà kò tán síbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ibi tí àlejò lè wá, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, tí wọ́n ń fi okùn sọ àwọn èèyàn kalẹ̀ lára ògiri òkè náà, tí wọ́n sì ń ta oúnjẹ ní ilé tí olùṣọ́ ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo rò ó bí mo ṣe dúró níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì tó ogún ọdún, tí kò wa ọkọ̀ òkun rí, ni wọ́n rí i pé ilé tó ti gba ẹ̀mí àìmọye là kò yẹ kó wó. Bí mo bá ní ọlá, gbogbo olùkọ́ ilé ìwé girama nílẹ̀ wa ni n bá fi ọkọ̀ kó lọ síbẹ̀ kí wọ́n lọ wo òrùlé yẹn.

Nísàlẹ̀ ilé iná náà, etíkun olókùúta kan wà tí wọ́n ń gbà dé nígbà tí omi bá fà. Àwọn òkúta ibẹ̀ ní àmì igi àti ewé ayé ìṣáájú lára, àwọn tó hù nínú ẹrọ̀fọ̀ gbígbóná kan kí àwọn dáínósọ̀ tó dé ayé. Ìjọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú wọn lọ ilé. Omi ń bọ̀ nígbà tí a dé, a kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ilẹ̀ koríko títẹ́jú wà lápá òkun, màlúù ń jẹ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Àwọn Akádíà, àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ Faransé, tí wọ́n tẹ̀dó sí agbègbè Shepody láti 1698, ló gbà á lọ́wọ́ òkun. Wọ́n mọ ògiri erùpẹ̀ àti koríko, wọ́n sì tẹ́ ọpọ́n igi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn kan wà nínú ọpọ́n náà tó ń ṣí síta nìkan. Nígbà tí òkun bá fà, omi òjò inú oko a ti ilẹ̀kùn, a sì ṣàn jáde. Nígbà tí òkun bá kún, omi iyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn náà pa. Òjò á fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n a gbin àlìkámà. Kò sí ẹ̀ńjìnnì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ní 1755, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Akádíà kúrò lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n fọ́n wọn ká, ilé wọn sì jóná. Àwọn ògiri náà dúró. Òkun ń ga sí i báyìí káàkiri ayé, ìjọba sì ti ń múra láti gbé àwọn ògiri tó wà níbi tí New Brunswick àti Nova Scotia ti pàdé ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé ilẹ̀kùn inú ọpọ́n náà fún àǹtí mi, wọ́n ní kí n dúró, kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n sì dárúkọ àwọn àdúgbò kan ní Ayétòrò, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sí mọ́.

Mary's Point, etíkun àwọn ẹyẹ, la dé gbẹ̀yìn, nígbà tí omi kún. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní semipalmated sandpiper ló gbà á lọ́wọ́ àwa àlejò lóṣù kẹjọ. Láti àríwá Kánádà ló ti ń bọ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ló sì ń lọ. Ẹrẹ̀ Fundy ló mú un dúró, torí ẹrẹ̀ yẹn, tí kò ráyè gbẹ, tí kì í sì í fi gbogbo ìgbà wà lábẹ́ omi, kún fún ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan tó jọ edé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú mítà kan níbùú lóròó. Nígbà tí omi bá fà, ẹyẹ náà ń jẹ ẹ́ láìsinmi, títí ìwọ̀n rẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bíi gírámù 20 fi di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò gbéra, yóò fò ju kìlómítà 4,000 lọ lórí òkun láìbalẹ̀. Nígbà tí omi bá kún, kò sí ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù, gbogbo wọn á kó ara wọn jọ sí etíkun tín-ín-rín kan láti sinmi. Ìdí nìyẹn tí ọgbà ibẹ̀ fi ń bẹ àlejò pé kó dúró lókèèrè. Ẹyẹ tí èèyàn bá dẹ́rù bà á fi ọ̀rá tó yẹ kó gbé e dé òdìkejì òkun ṣòfò. Ajá kan já lọ́wọ́ olówó rẹ̀ nígbà tí a wà níbẹ̀, gbogbo etíkun náà sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó yí láti àwọ̀ ilẹ̀ sí funfun, ó tún pa dà sí àwọ̀ ilẹ̀. Ó lẹ́wà, inú sì bí mi.

Kí a tó dé Moncton pa dà ni àǹtí mi ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ìyá ìjọ wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ lọ sí Hopewell Rocks lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n kó àwọn ọmọ dání, kí wọ́n se ìrẹsì lọ, torí ibẹ̀ kò ṣeé kánjú kúrò. Wọ́n ní kí n ka àkókò omi ti Sátidé fún wọn látinú ìwé tí a mú bọ̀. Mo kà á: yóò fà tán ní bí aago kan ọ̀sán, yóò kún ní bí aago méje ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n sọ sínú fóònù. "Aago mọ́kànlá ni kí bọ́ọ̀sì ti débẹ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọ bàtà tó ṣeé fọ̀. A ó jọ sọ̀ kalẹ̀, a ó jọ gòkè, a kò sì ní gba ilé títí omi á fi dé orí àwọn òkúta yẹn. Ẹni tó bá ní òun ń kánjú, kó jókòó sílé."